Ẹ Má Tíì Gbé Mẹ́dàlì Bàbá Yín Síná

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọ̀rọ̀ mẹ́dàlì ìrántí tí àwọn èèyàn ń kó wá fún àwọn tó ń ra góòlù ní Iléṣà ló mú wa kọ lẹ́tà yìí. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2025 tí oúnsì góòlù kan ti kọjá ẹgbẹ̀rún mẹ́rin dọ́là lọ́jà àgbáyé, àpótí àgbà wo ló kù tí wọn ò tíì tú? Yẹtí, ẹ̀gbà ọrùn, òrùka ìgbéyàwó, gbogbo rẹ̀ ló ń bọ̀ sórí òṣùwọ̀n. Ìyẹn ò burú, torí ohun ọ̀ṣọ́ tó ti já tàbí tó ti wọ́ kò níye lórí ju góòlù inú rẹ̀ lọ. Ti mẹ́dàlì yàtọ̀. Góòlù inú rẹ̀ lè jẹ́ èyí tó kéré jù nínú iye rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé kò ní góòlù kankan ju èyí tí wọ́n fi kùn ún lójú lọ. Ẹni tó bá yọ́ ọ kó tó mọ èwo ni èwo ti ṣe ohun tí kò ṣeé tún ṣe.

Ẹ wo mẹ́dàlì Nobel, tí ará Ifẹ̀ kò ní ṣaláìmọ̀ nítorí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká, tó kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀ kó tó gba ẹ̀bùn ti lítíréṣọ̀ ní 1986. Títí di 1980, góòlù káráàtì 23 ni wọ́n fi ń ṣe é (24 ni góòlù pọ́nbélé). Láti ìgbà náà, káráàtì 18 ni, ó sì wọn nǹkan bíi gíráàmù 175. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin 175 jẹ́ gíráàmù 131, èyí tí kò tó ẹgbẹ̀rún mẹ́tàdínlógún dọ́là bí oúnsì kan bá jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́rin. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi mẹ́dàlì James Watson, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ti 1962 ṣe gbàǹjo ní New York ní oṣù kejìlá 2014, ó ju mílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là lọ. Orúkọ tó wà lára rẹ̀ ló pa owó yẹn. A ò sọ pé ti bàbá yín yóò pa irú rẹ̀ o. Ẹ tún wo òdìkejì: mẹ́dàlì góòlù ti Olympics kò tíì jẹ́ góòlù pọ́nbélé mọ́ láti ti Stockholm ní 1912. Fàdákà ni, pẹ̀lú góòlù gíráàmù mẹ́fà ó kéré tán lójú rẹ̀.

Ká kọ́kọ́ sọ ohun tí kò yẹ ní ṣíṣe. Ẹ má fọ̀ ọ́. Ẹ má fi Brasso nù ún, ẹ má fi eérú ra á, ẹ má sì gbé búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín sí i. Góòlù rọ̀. Mẹ́dàlì tí wọ́n lù dáadáa máa ń dán bíi dígí níbi tí kò ti sí àwòrán, ìlà kéékèèké tí búrọ́ọ̀ṣì bá sì fà síbẹ̀ kò ní lọ mọ́ láéláé. Ẹni tó ń kó mẹ́dàlì jọ yóò yí i lẹ́ẹ̀kan péré lábẹ́ iná, yóò rí i, yóò sì já owó. Bí ẹ bá rí àmì pupa tàbí dúdú tótòtó lójú rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rí pé ayédèrú ni. Bàbà tí wọ́n pò mọ́ góòlù ló ń hàn bẹ́ẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀. Etí rẹ̀ ni kí ẹ máa fi dì í mú, kí ìka má kan ojú rẹ̀. Ẹ má tọ́jú rẹ̀ sínú ọ̀rá PVC tó ń rùn bí ike tuntun, torí bí ọ̀rá yẹn bá ti ń gbó ni yóò máa sun omi kan tó ń lẹ̀ mọ́ irin. Bébà funfun tàbí aṣọ òwú tó mọ́ ti tó.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé fáìlì sí i. Àṣà alágbẹ̀dẹ wúrà ni pé kó fá ibì kan díẹ̀ kó lè mọ̀ bóyá bí òde ṣe rí ni inú náà rí. Fún ẹ̀gbà tó já, ó bójú mu. Fún mẹ́dàlì, etí tí wọ́n ń fá yẹn gan-an ni àmì àti orúkọ máa ń wà. Jíjó òrùka mọ́ ọn kó lè ṣeé fi kọ́rùn náà kò dára: kódà bí wọ́n bá yọ òrùka náà lẹ́yìn ọ̀la, ojú àpá rẹ̀ kò ní parẹ́, iye mẹ́dàlì náà yóò sì sún mọ́ iye góòlù lásán.

Nípa ìwọ̀n, òṣùwọ̀n tó ń ka 0.01 gíráàmù ni kí ẹ lò, irú èyí tí àwọn tó ń ra góòlù láti oko ìwakùsà ní Itagunmodi ń gbé kiri. Tilé ìdáná kò tó. Ẹ wọn mẹ́dàlì náà ní gbígbẹ, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ bu omi sínú ife ike fífẹ̀, kó kọjá ìdajì díẹ̀, ẹ gbé e lé òṣùwọ̀n, ẹ tẹ bọ́tìnì tó ń dá a padà sí òdo. Ẹ wá fi òwú ìpẹja tó tẹ́ẹ́rẹ́ so mẹ́dàlì náà, kí ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ sínú omi títí yóò fi rì pátápátá, ṣùgbọ́n kó má kan ìsàlẹ̀, kó má sì kan ẹ̀gbẹ́ ife. Nọ́ńbà tí òṣùwọ̀n bá mú jáde ni ìwọ̀n omi tí mẹ́dàlì náà tì kúrò. Ẹ fi nọ́ńbà yìí pín ìwọ̀n àkọ́kọ́.

Ká ní ó wọn 40.00 ní gbígbẹ, tí omi sì mú 2.60 jáde. Bí a bá fi 2.60 pín 40, a ó rí 15.4. Káráàtì 18 nìyẹn. Góòlù pọ́nbélé jẹ́ 19.3. Káráàtì 22 máa ń wà ní nǹkan bíi 17.7, káráàtì 18 láàárín 15 àti 16, káráàtì 14 kì í jìnnà sí 13, káráàtì 9 sì wà ní nǹkan bíi 11. Ó máa ń yí díẹ̀ torí pé ẹlòmíì fi fàdákà pò ó, ẹlòmíì fi bàbà, fàdákà sì wúwo ju bàbà lọ. Fàdákà pọ́nbélé fúnra rẹ̀ jẹ́ 10.5, ti 925 (ìdá 925 fàdákà nínú ẹgbẹ̀rún) dín díẹ̀ sí i, bàbà jẹ́ 8.9, idẹ sì wà láàárín 8.4 àti 8.8. Bí mẹ́dàlì tó ń dán yanranyanran bá mú 8.7 wá, idẹ ni wọ́n fi góòlù kùn. Bí ó bá mú 10.4 wá, fàdákà ni, ẹ má sì tíì sọ ọ́ nù, torí fàdákà tí wọ́n fi góòlù bò ni àwọn mẹ́dàlì kan tó ṣe pàtàkì gan-an. Mẹ́dàlì tí Ọba Gẹ̀ẹ́sì máa ń fún àwọn ọba àti ìjòyè ilẹ̀ Áfíríkà láti àwọn ọdún 1920 síwájú, oríṣi méjì ni: fàdákà lásán, àti fàdákà tí a fi góòlù bò. Ẹni tí ó bá ní èyí kejì nílé tí ó ń pè é ní góòlù kò purọ́, ojú ló tàn án jẹ. Ẹni tó bá sì yọ́ ọ nítorí góòlù yóò kábàámọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹni tó bá fẹ̀sọ̀ pa èèrà ni yóò rí ìfun rẹ̀. Iṣẹ́ inú omi yìí rọrùn, ṣùgbọ́n ó ní ibi tó ti ń ṣini lọ́nà. Ìhó kékeré tó bá lẹ̀ mọ́ abẹ́ irun tàbí abẹ́ lẹ́tà lára mẹ́dàlì yóò mú kí omi tó tì kúrò pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, góòlù yóò wá fúyẹ́ bí ẹni pé àdàlù ni. Ẹ kán ọṣẹ olómi ẹ̀kán kan sínú omi, kí ẹ mi òwú náà díẹ̀, ìhó yóò bọ́ kúrò. Bí mẹ́dàlì bá kan ìsàlẹ̀ ife, ìwọ̀n ara rẹ̀ yóò bọ́ sórí òṣùwọ̀n, nọ́ńbà yóò fò sókè lójijì. Èyí ló wọ́pọ̀ jù, òun ló sì ń mú kí èèyàn pariwo pé wọ́n ti rẹ́ òun jẹ nígbà tí kò sí ẹni tó rẹ́ ẹ jẹ. Mẹ́dàlì kékeré ló le jù. Ká mú èyí tó wọn gíráàmù 8 ní káráàtì 22: omi rẹ̀ kò ju 0.45 lọ. Òṣùwọ̀n tó ń ka 0.1 yóò sọ pé 0.4 tàbí 0.5. Èsì àkọ́kọ́ yóò jẹ́ 20, tí kò sí góòlù tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, èkejì yóò jẹ́ 16, káráàtì 18 nìyẹn. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ mú èyí tó wà láàárín. Mẹ́dàlì tí wọ́n fi ọ̀dà dígí aláwọ̀ sí lára, tàbí tó ní píìnì irin lẹ́yìn, kò ṣeé fi omi wọ̀n rárá.

Àwọn nǹkan méjì kan tún wà tí wọ́n lè fi tan omi jẹ. Òjé jẹ́ 11.3, ó sún mọ́ káráàtì 9 pẹ́kípẹ́kí. Tungsten, irin kan tó le gan-an, jẹ́ 19.25, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá góòlù pọ́nbélé dọ́gba. Òjé tí wọ́n kùn kì í dún gooro bí ẹ bá gbé e lé orí ìka kan tí ẹ sì fi bírò kàn án, ó máa ń dún pọ́ọ́. Tungsten le ju kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lu àwòrán aláràbarà sára rẹ̀ lọ, nítorí náà inú búlọ́ọ̀kù góòlù ló ti wọ́pọ̀, kò wọ́pọ̀ nínú mẹ́dàlì. Ní ti òòfà tí àwọn kan fi ń dá ara wọn lójú, irin àti àwọn díẹ̀ bíi nickel nìkan ló ń mú. Kò ní mú idẹ, kò ní mú bàbà, fàdákà, òjé. Bí òòfà kò bá mú u, ẹ kò tíì mọ nǹkan kan.

Ásíìdì ńkọ́? Orí òkúta dúdú ni alágbẹ̀dẹ tó mọṣẹ́ ti ń lò ó: yóò fi ohun ọ̀ṣọ́ ha òkúta, yóò kán ásíìdì sí ojú ìlà náà, yóò sì fi wé ìlà abẹ́rẹ́ tó ti mọ káráàtì rẹ̀. Mẹ́dàlì kò yẹ ní híha. Ásíìdì tó ń jẹ góòlù gan-an ni nitric acid ìdá kan pẹ̀lú hydrochloric acid ìdá mẹ́ta. Èéfín rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, kò sì tọ́ sí yàrá ẹnikẹ́ni. Òun náà ni George de Hevesy, onímọ̀ kẹ́mísírì, fi yọ́ mẹ́dàlì Nobel ti Max von Laue àti ti James Franck ní Copenhagen ní 1940 kí àwọn ọmọ ogun Hitler má bàa rí i. Omi náà wà nínú ìgò lórí pẹpẹ títí ogun fi parí, wọ́n yọ góòlù rẹ̀ padà, wọ́n sì tún mẹ́dàlì náà lù fún àwọn tó ni ín. Àwọn yẹn ní ẹni tó lè tún un lù. Ta ló máa tún ti bàbá yín lù?

Ẹ̀rọ XRF, tó ń fi ìtànṣán wo irin, tí àwọn olówó góòlù ńlá ní báyìí kì í pa mẹ́dàlì lára. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló fi ń sọ iye góòlù, fàdákà àti bàbà. Àlébù rẹ̀ ni pé awọ òkè nìkan ló ń rí. Bí wọ́n bá fi góòlù bo idẹ nípọn, ẹ̀rọ náà yóò búra pé góòlù ni. Nítorí náà, ẹ̀rọ àti omi gbọ́dọ̀ jọ sọ ohun kan náà. Bí ọ̀rọ̀ bá tóbi ju ti olówó góòlù lọ, CERD, ibùdó ìwádìí nípa agbára tó wà nínú Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ (OAU) ní Ifẹ̀, ní ẹ̀rọ accelerator 1.7 MV tí àwọn onímọ̀ fi ń wo èròjà inú nǹkan. Ibi ìwádìí ni, kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́tà ni ẹ ó kọ́kọ́ kọ.

Lẹ́yìn ìwọ̀n, ó kan kíkà. Ẹ yá awò kékeré tí àwọn oníṣẹ́ aago ń fi sójú, kí ẹ yí etí mẹ́dàlì náà ká pẹ̀lú iná tó ń ti ẹ̀gbẹ́ wá. Nọ́ńbà tó ń sọ ìdá góòlù nínú ẹgbẹ̀rún ni ẹ ń wá: 375 ni káráàtì 9, 585 ni 14, 750 ni 18, 916 ni 22. Òǹtẹ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní orí ẹkùn fún London, ìdákọ̀ró fún Birmingham, ilé olódi fún Edinburgh, pẹ̀lú lẹ́tà kan tó ń sọ ọdún. Bí ẹ bá rí 15 pẹ̀lú .625, tàbí 12 pẹ̀lú .5, ó ti wà ṣáájú 1932, torí ọdún yẹn ni wọ́n fi 14 rọ́pò méjèèjì. Ẹ ṣọ́ra fún lẹ́tà tó ń tẹ̀ lé nọ́ńbà. 18K GP kì í ṣe káráàtì 18, wọ́n kàn fi bò ó ni. HGE náà bẹ́ẹ̀. 1/20 12K GF túmọ̀ sí pé ìdá kan nínú ogún ìwọ̀n rẹ̀ ni góòlù káráàtì 12. Ti Faransé máa ń kọ OR sí etí fún góòlù, ARGENT fún fàdákà, BRONZE fún idẹ. Àìsí òǹtẹ̀ kò sọ pé kì í ṣe góòlù o, torí ọ̀pọ̀ mẹ́dàlì àtijọ́ láti Royal Mint, ilé ìlùwó ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, kò ní i rárá.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú ni àwòrán. Wọ́n á rí mẹ́dàlì wọn lórí fóònù, wọ́n á rí i pé àwòrán rẹ̀ bá ti góòlù tí wọ́n tà ní London mu, ó parí, wọ́n ti di olówó. Òǹtẹ̀ kan náà ni Royal Mint fi lu mẹ́dàlì ìwúyè ní góòlù, ní fàdákà àti ní idẹ. Èyí tí wọ́n ṣe fún Edward Keje ní 1902 ní ńlá tó jẹ́ mìlímítà 55 ní fífẹ̀ àti kékeré tó jẹ́ 31. Ti George Karùn-ún ní 1911 jẹ́ 51 àti 31. Àwòrán kì í sọ irin. Ti 1902 yẹn tún ní ẹ̀kọ́ mìíràn: 26 oṣù kẹfà ni wọ́n kọ́kọ́ fi ìwúyè sí, àìsàn ìfun mú ọba, wọ́n sún un sí 9 oṣù kẹjọ. Àwọn oníṣòwò ti lu tiwọn sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ oṣù kẹfà kó tó di pé ó yẹ̀. Ti Royal Mint ló ní ọjọ́ oṣù kẹjọ. Èyí tó ní ọjọ́ tí nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀ kì í ṣe ayédèrú. Ti oníṣòwò ni ọ̀pọ̀ wọn, iye wọn sì máa ń kéré sí i.

Ọdún tó wà lójú mẹ́dàlì ni ọdún ìṣẹ̀lẹ̀, kì í ṣe dandan kó jẹ́ ọdún tí wọ́n ṣe é. Ilé ìlùwó Paris kò yéé fi òǹtẹ̀ àtijọ́ lu mẹ́dàlì tuntun. Mẹ́dàlì Napoleon tó ní 1804 lójú, tó sì ní àwòrán ìwo tí èso ń tú jáde nínú rẹ̀ ní etí, láti 1880 síwájú ni wọ́n lù ú. Bí ó bá jẹ́ kòkòrò oyin ni wọ́n yà sí etí rẹ̀, ó wà láàárín 1860 sí 1879. Bẹ́ẹ̀ náà ni orúkọ oyè ọba: IND IMP tó ń tẹ̀ lé orúkọ George Kẹfà túmọ̀ sí ọba ńlá Íńdíà, oyè tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1948.

Tiwa nílé ní àmì ọjọ́ tirẹ̀. University of Ife bẹ̀rẹ̀ láti 1961, ó sì di Obafemi Awolowo University ní 12 oṣù karùn-ún 1987, nítorí náà mẹ́dàlì tó ní orúkọ tuntun pẹ̀lú ọdún 1975 ní àlàyé láti ṣe. Osun State kò sí ṣáájú 27 oṣù kẹjọ 1991. Bí iye tí wọ́n tà á bá wà lẹ́yìn páálí rẹ̀ ní pọ́n-ùn àti ṣílè, ó ti wà ṣáájú 1 oṣù kìíní 1973 tí a bẹ̀rẹ̀ sí ná náírà. FESTAC wáyé láti 15 oṣù kìíní sí 12 oṣù kejì 1977.

Orúkọ kékeré tó wà lábẹ́ ọrùn ọba lójú mẹ́dàlì jẹ́ ti ẹni tó gbẹ́ òǹtẹ̀ rẹ̀. DE S. ni George William de Saulles, B.M. ni Bertram Mackennal. Bí F. tàbí FEC. bá tẹ̀ lé orúkọ, ohun tó ń sọ ni pé ẹni yìí ló ṣe é. Bí orúkọ náà bá ṣú, tí ẹsẹ̀ lẹ́tà kò gún, tí ihò wẹ́wẹ́ bí ojú abẹ́rẹ́ sì wà láàárín wọn, wọ́n da á sínú mọ́ọ̀dù ni, wọn ò lù ú. Ẹ wọn fífẹ̀ rẹ̀ wò. Irin tí wọ́n yọ́ máa ń sún kì bó bá tutù, nítorí náà ẹ̀dà mẹ́dàlì mìlímítà 55 máa ń jáde ní 54 àti díẹ̀.

Ìtàn ẹni tó ni ín ló kù, ibẹ̀ ni owó máa ń wà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà kí ilẹ̀ tó ṣú. “Ìyá àgbà, ta ló so èyí mọ́ bàbá láyà? Ọba ni àbí Ajẹ́lẹ̀?” Kí ẹ kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, lẹ́yìn náà kí ẹ gbé e lé ọjọ́. Àpẹẹrẹ: wọ́n lè ní Ọbabìnrin Elizabeth ló fi lé bàbá lọ́wọ́ lọ́jọ́ òmìnira. Ọbabìnrin kò sí níbí ní 1 oṣù kẹwàá 1960, Princess Alexandra ló ṣojú fún un. Èyí kò sọ pé ìyá àgbà purọ́. Ọbabìnrin wá sí Nàìjíríà láti 28 oṣù kìíní sí 16 oṣù kejì 1956, ó sì lè jẹ́ ìrìn àjò méjì ló papọ̀ lórí ahọ́n. 1956 ni ẹ ó lọ wò nínú ìwé ìròyìn.

Níbo ni ẹ ó ti wò ó? Ilé ìkówèésí Hezekiah Oluwasanmi ní OAU dára fún ìbẹ̀rẹ̀. Fún ìwé ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì, National Archives tó wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn ni. Oyo Province ti ìgbà àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló ní Ifẹ̀ àti Iléṣà lábẹ́ rẹ̀, nítorí náà ẹ béèrè fáìlì Oyo Prof, kí ẹ tó bọ́ sí Ife Div tàbí ti Iléṣà. Orúkọ bàbá nìkan kò tó láti wá. Ẹ mú oyè rẹ̀, àdúgbò rẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí rẹ̀, àti ọdún méjì tí ọ̀rọ̀ náà lè bọ́ sí àárín wọn. Ẹ sì múra sílẹ̀ fún orúkọ tí akọ̀wé òyìnbó kọ bó ṣe wù ú: Ilesha, Ijesha, Awujalle, Aderemi pẹ̀lú d méjì, gbogbo rẹ̀ ni ojú yóò rí. Páálí mẹ́dàlì náà ṣe pàtàkì, torí abẹ́ ìdérí rẹ̀ ni orúkọ ilé iṣẹ́ tó lù ú máa ń wà, bíi Spink tàbí John Pinches ti London. Lẹ́tà, fọ́tò tí bàbá wọ̀ ọ́ sí, ìwé ètò ọjọ́ náà: ẹ má ya wọn kúrò lára mẹ́dàlì. Àwọn ẹbí máa ń pín in bí ẹran ìléyá, ẹnìkan mú mẹ́dàlì, ẹnìkan mú páálí, ẹnìkan mú lẹ́tà, kò sì sẹ́ni tó mú ohun tó pé.

Ní ti iye, ẹ kọ́kọ́ mọ ìsàlẹ̀ tí kò gbọdọ̀ kọjá. Ẹ wo iye gíráàmù góòlù pọ́nbélé lọ́jọ́ náà. Fún ìṣirò lásán, ká pè é ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún náírà. Mẹ́dàlì gíráàmù 40 ní 750 ní gíráàmù 30 góòlù nínú, mílíọ̀nù mẹ́ta nìyẹn. Ẹni tó fẹ́ yọ́ ọ yóò já díẹ̀ fún iṣẹ́ iná àti èrè tirẹ̀, ó tọ́ sí i. Àmọ́ bí iye tó pè bá kéré jọjọ sí ìṣirò yín, ẹ di tiyín mú, kí ẹ wá ẹlòmíì. Oúnsì tí wọ́n fi ń wọn góòlù jẹ́ gíráàmù 31.1, ti ọjà lásán jẹ́ 28.35. Àwọn kan máa ń fi èkejì ṣírò nígbà tí wọ́n bá ń tà, wọ́n á sì fi àkọ́kọ́ ṣírò nígbà tí wọ́n bá ń rà.

Òótọ́ tí kò dùn nìyí: púpọ̀ nínú mẹ́dàlì góòlù tí àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni lù ní àwọn ọdún 1960 àti 1970 kò fi bẹ́ẹ̀ ju iye góòlù inú wọn lọ. Wọ́n lu ti Churchill lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 1965, wọ́n lu ti Kennedy, wọ́n lu ti ẹni tó rìn lójú òṣùpá, wọ́n sì tà wọ́n fún ẹni tó bá ti lówó. Ìwé ẹ̀rí pẹ̀lú nọ́ńbà kò sọ wọ́n di ọ̀wọ́n. Ohun tó ń gbé iye ga ni orúkọ ẹni tí wọ́n fi dá lọ́lá tí wọ́n gbẹ́ sí etí, ìwé tó ti í lẹ́yìn, àti bó ṣe kéré níye tó. Bí ẹ bá fẹ́ mọ iye, iye tí wọ́n tà á ní gbàǹjo ni kí ẹ wò, kì í ṣe iye tí ẹnìkan ń pè é lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹnikẹ́ni lè pè é ní mílíọ̀nù mẹ́wàá, kó sì gbé e síbẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Ilé gbàǹjo bíi Spink àti Noonans ní London máa ń gbé iye tí wọ́n tà á jáde. Ẹ rántí pé wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó tà, wọ́n tún ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó rà, nítorí náà iye tí ẹ kà kọ́ ni yóò dé ọwọ́ yín. Fọ́tò ni kí ẹ fi ránṣẹ́ ní àkọ́kọ́: iwájú, ẹ̀yìn, etí yíká, pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ àti ìwọ̀n gbígbẹ àti ti inú omi. Ẹni tó bá ní kí ẹ kọ́kọ́ sanwó kí òun tó sọ iye rẹ̀, tàbí tó ní kí ẹ fi mẹ́dàlì ránṣẹ́ kí òun tó wò ó, ẹ pa fóònù.

Ẹ má kàn gbé e wọ ọkọ̀ òfurufú lọ o. Òfin wà lórí ohun àtijọ́ tó ń jáde ní Nàìjíríà, àjọ tó ń mójú tó mùsíọ́ọ̀mù àti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ló sì ń fúnni ní ìwé àṣẹ. Mẹ́dàlì tí wọ́n lù ní London lè má sí lábẹ́ òfin yẹn, ṣùgbọ́n èyí tí oníṣẹ́ ọnà ilẹ̀ yìí ṣe ṣáájú 1918, tàbí èyí tí wọ́n ti lò nínú ètùtù tàbí ayẹyẹ ìbílẹ̀, wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ yà sí mùsíọ́ọ̀mù Ifẹ̀ ní Ẹnuwá kí ẹ béèrè, kí ẹ sì gba ìdáhùn ní kíkọ. Ìtàn ni kí ẹ bi wọ́n, ẹ má bi wọ́n ní iye, torí kì í ṣe iṣẹ́ mùsíọ́ọ̀mù láti dá iye lé nǹkan.

Bí ẹ bá ti wò ó dé ìdí, tí kò ní orúkọ, tí kò ní ìwé, tí ilé iṣẹ́ tó lù ú lù ú lọ́pọ̀ yanturu, ẹ tà á fún ẹni tó ń yọ́ góòlù bó bá wù yín, kò sí àbùkù níbẹ̀. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ tó jáde nílé. Kí wọ́n wọ̀n ọ́ lójú yín, kí òṣùwọ̀n kọjú sí yín, kó sì wà ní òdo kí wọ́n tó gbé e lé e. Lórí rìsíìtì, kí wọ́n kọ ìwọ̀n, káráàtì tí wọ́n gbà pé ó jẹ́, iye gíráàmù lọ́jọ́ náà, àti ohun tí wọ́n já, ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Àwa ni tiyín,
Díẹ̀ nínú àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà àti àwọn tó ń kó owó àti mẹ́dàlì àtijọ́ jọ,
Iléṣà.